Ẹyọ Kan Ló Dín

Ilé epo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀,
ní ìlú kékeré kan ní Akansọ,
níbi tí òórùn adìẹ ti ń yọ ṣáájú oòrùn.
Aago kan òru ni Verlene máa ń wọlé,
bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ọwọ́ wú bí búrẹ́dì tó mumi.
Kọfí kan, dúdú, láìsí ṣúgà.
"Ṣúgà tó wà lára mi ti tó mi," á wí,
á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀dọ̀ adìẹ ló ń yọ.
Adìẹ ń kọjá níwájú rẹ̀ lórí ṣéènì, wọ́n dorí kodò,
kò sí èyí tó dúró kí i.
Ní ìpẹ̀kun ìlà, ọkùnrin kan tí ìjọba rán wá,
aláṣọ funfun, ń yẹ ẹ̀dọ̀ kọ̀ọ̀kan wò,
ó ń yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun.
"Wò ó, Dewitt," ni Verlene wí lálẹ́ ọjọ́ kan,
"adìẹ tó ti kú ní dókítà.
Èmi tí mo mú ọ̀bẹ dání, mi ò ní."

Òfin wà o. Ẹ má sọ pé òfin ò sí.
Òfin ní ẹni tó bá fi ọgbọ̀n wákàtí ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀,
kí ọ̀gá rẹ̀ fún un ní adójútòfò ìlera,
kí iye tí wọn yóò yọ nínú owó rẹ̀ má sì ju agbára rẹ̀ lọ.
Ọgbọ̀n ni òfin wí;
ọgbọ́n ni ọ̀gá fi dá a lóhùn.
Ó kàwé náà dé ibi ọgbọ̀n, ó fìka tẹ̀ ẹ́,
ó fi ẹsẹ̀ kan padà sẹ́yìn:
mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Ẹyọ kan ló dín.
Inú ẹyọ kan yẹn ni ìgò oògùn Verlene wà,
inú rẹ̀ ni ojú rẹ̀ tó ń ṣú wà, àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan ní oṣù kọkànlá, ẹ̀rọ bàjẹ́,
iṣẹ́ wọ òru, wákàtí rẹ̀ ń sún mọ́ ọgbọ̀n.
Haskell, alábòójútó ìlà, sáré wá,
òun fúnra rẹ̀ ló bá a bọ́ ìbọ̀wọ́.
"Máa lọlé. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ."
Ó rọra sọ ọ́,
bí ẹni ń fa ọmọ sẹ́yìn lẹ́bàá kànga.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.
Oògùn oṣù kan, Verlene fi lo oṣù méjì.
Abẹ́rẹ́ àárọ̀ àti alẹ́ di ti àárọ̀ nìkan;
lọ́jọ́ Àìkú kò gbà rárá,
ó ní Ọlọ́run náà sinmi lọ́jọ́ náà.

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gé.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ike ńlá kan wá sórí káńtà mi,
wọ́n lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn: ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé kéèkì dání.
Àwọn awakọ̀ ẹrù ń ju ṣéńjì sí i.
Haskell wá ra sìgá. Ó wo fọ́tò náà pẹ́.
Ogún dọ́là ló fi sínú ike, kò gba ìdúpẹ́.
"Kì í ṣe èmi ni mò ń pín wákàtí," ó wí.
Mi ò bi í. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì purọ́.
Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo ka owó inú ike lálẹ́ àná:
igba dọ́là ó lé méjìlá, àti bọ́tìnì kan.
Ilé ìwòsàn ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún.
Mo gbé ike náà súnmọ́ iná kí ojú rẹ̀ lè hàn.
Mo yíjú sí ògiri, síbi tí wọ́n kọ wákàtí tèmi sí.
Mo kà á. Mo tún un kà,
mo fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ọmọ iléèwé.
Ẹyọ kan ló dín.